Alágbàfọ̀ àti Lọ́yà Tó Kọ́kọ́ Béèrè

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó wà lẹ́yìn pátápátá yẹn, gbé àga ẹ bọ̀ níwájú, ohùn mi kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún mọ́. Ẹni tí ebi ń pa, kó fọkàn balẹ̀, ìkòkò wà lórí iná, ìtàn yìí àti oúnjẹ yẹn máa jọ jinná ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n tètè sọ fún yín o, ìtàn ìbínú ni. Bí ẹ bá rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ń sọ ọ́, ẹ má rò pé inú ò bí mi. Inú bí mi. Ibi tó parí sí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wà, alágbàfọ̀ ni. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ lòun náà fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: ọpọ́n mẹ́ta lẹ́yìn ilé, okùn ìsáṣọ mẹ́fà, tábìlì gígùn kan tí áyọ́ọ̀nù ti jó nígun, àti pẹpẹ onípákó lára ògiri. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú títì ló ń bá wọn fọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá ẹrù níbẹ̀ á gbé àpò aṣọ ìdọ̀tí wá. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, obìnrin yìí á dá a padà ní funfun báláú.

Ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kí omi tó kan aṣọ kankan, á kọ́kọ́ fi òwú pupa rán ojú kékeré kan sí igun rẹ̀. Ìwé ò yé e tó bẹ́ẹ̀. Òwú yẹn ni ìwé rẹ̀. Aṣọ tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, òwú pupa wà lára rẹ̀ títí yóò fi gbó. Bí aṣọ bá wá gbẹ, orin ló fi ń ká a. Ìyá rẹ̀ ti fi orin náà kọ́ ọ kó tó ga tó tábìlì:

*Ká a lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí ti lọ,*
*Ká a lẹ́ẹ̀mejì, oòrùn ti wọlé,*
*Ká a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku kó relé,*
*Aṣọ mi, má tú mọ́ o.*

Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni, kò lé, kò dín. Bó bá ká a tán, aṣọ á gùn gbọọrọ bíi búrẹ́dì. Ẹ mú orin yẹn dání, ẹ má jẹ́ kó bọ́. A ṣì máa nílò ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, olùtọ́jú-ẹrù yìí gbé àpò méjì dé dípò ẹyọ kan.

"Ìyá aláṣọ," ó ní, "èyí ni iṣẹ́ yín. Èkejì yìí, ẹ má tú u o. Ẹ bá mi gbé e sórí pẹpẹ, mò ń bọ̀ wá mú un."

Alágbàfọ̀ gbé e sórí pẹpẹ. Àpò tí wọ́n di lẹ́nu, tí wọ́n ní kéèyàn má tú, kí ló fẹ́ fi ojú wá nínú ẹ̀? Oòrùn ò tíì dé àárín orí tí ọkùnrin náà fi padà dé, òun àti ọlọ́pàá méjì. Ó nawọ́ sí pẹpẹ tààrà. Wọ́n tú àpò náà: aṣọ ibùsùn méjìdínlógún, gbogbo ẹ̀ funfun, gbogbo ẹ̀ ní àmì ilé ìwòsàn.

"Ẹ rí i," olùtọ́jú-ẹrù ní. "Àtoṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbé e fún un pé kó fọ̀ ọ́, tí kò dá a padà. Ojú mi ò tún rí wọn mọ́ títí di òní."

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ tó dúró ṣánṣán báyìí ṣọ̀wọ́n. Òun fúnra ẹ̀ ló ń kó aṣọ tuntun jáde ní yàrá ẹrù, tó ń tà á. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè aṣọ wọn, ó sì nílò olè tó máa fi dí ihò tó gbẹ́. Ta ló kù? Ẹni tí ìwé ò yé.

Wọ́n mú un lọ. Ní tẹ́ṣọ̀n, ó sọ gbogbo bó ṣe jẹ́, ọlọ́pàá sì kọ èyí tó wu òun. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá gba béèlì rẹ̀. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n yìí, èèyàn jẹ́jẹ́, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé ẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde sójú títì ló ní, "Fọkàn balẹ̀. Mo ti lọ bá wọn nílé ìwòsàn. Mo ti bẹ̀ wọ́n."

Alágbàfọ̀ dúró. "Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ni?"

"Pé kí wọ́n dárí jì ẹ́. Pé iṣẹ́ èṣù ni, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bi mí bóyá mo jí i?"

"Kí n bi ẹ́ ṣe kí ni? Ẹ̀bẹ̀ làgbà fi ń paná."

"Iná tí mi ò dá lẹ lọ bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ẹ ti lọ jẹ́rìí fún wọn pé ọwọ́ mi ń rùn èéfín."

"Inú ló ń bí ẹ. Inú bíbí ò da nǹkan."

"Èyí máa da nǹkan," ó ní. Ó sì fẹsẹ̀ rìn délé, kò wọ mọ́tò ẹ̀gbọ́n.

Àbí ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀? Ó wà nínú gbogbo ẹbí. Bí ọmọ wọn bá subú, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ ilẹ̀. Inú ń bí mi síbẹ̀.

Ilé ìwòsàn gba ìwé ẹ̀bẹ̀, wọn ò sì gba ẹ̀bẹ̀. Ńṣe ni wọ́n fi ìwé ọ̀hún sínú ẹ̀rí. Wọ́n dá ọjọ́ ẹjọ́. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni, ta ló sì máa gbé aṣọ fún alágbàfọ̀ tó ti ẹ̀wọ̀n olè dé? Ó gbọ́dọ̀ rí lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n tún sáré ṣíwájú, ó lọ wá ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé. Àrá ni wọ́n ń pè é.

Yàrá Àrá tutù bí inú fíríìjì. Ìwé kún ògiri, ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n láti ọjà ṣì wà lára ọ̀pọ̀. Àrá ò wo alágbàfọ̀ lójú. Ẹ̀gbọ́n ló dojú kọ, bí ẹni pé obìnrin náà jẹ́ ẹrù tí wọ́n gbé wá.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le," Àrá ní. "Tó bá dé iwájú adájọ́, kó sọ pé òun jẹ̀bi. Ìwé ẹ̀bẹ̀ yín ti là á sílẹ̀. Èmi á wá bẹ adájọ́. Oṣù mẹ́fà péré."

"Oṣù mẹ́fà péré níbo?" alágbàfọ̀ béèrè.

Ìgbà yẹn ni Àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Lẹ́wọ̀n ni, màmá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ ṣe é?"

Àrá rẹ́rìn-ín, fèrèsé mì. "Màmá, ẹ̀yin ẹ má dá sí i. Iṣẹ́ òfin ni."

"Ẹ ò tíì bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀."

"Mo ti ka ìwé."

"Ẹni tó kọ ìwé náà lẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, mo sì rò pé adájọ́ nìkan ni wọ́n ń pòwe yẹn mọ́. Ẹ fún mi ní fáìlì mi."

Ó mú fáìlì, ó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ má bínú, lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i." Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọgbà ilé ẹjọ́, lọ́yà mìíràn tún yọ sí i lábẹ́ igi, bàtà rẹ̀ ń dán, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ìyá mi, mo mọ adájọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín," alágbàfọ̀ ní, "kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ jẹun. Ẹjọ́ ni mo ní, mi ò ní àríyá." Ó kọjá.

Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn káàkiri, fáìlì lábẹ́ abíyá, ó ń payín keke. Tó bá délé, á fọṣọ lọ́nà tí ọpọ́n fi ń ké. Kò kọrin fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá kí i pé "ẹ kú ìrọ́jú," á ní òun ò rọ́jú, kí wọ́n má kí òun bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ lójúde ọ̀nà kejì, tóun náà máa ń gbé aṣọ fún un, ló sọ fún un pé, "Lọ́yà obìnrin kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù mi. Kò lóhùn. Àmọ́ tó bá wá gẹ́ kọ́kọ́rọ́, ó máa ń bi mí ní ìbéèrè títí orí á fi fọ́ mi."

Alágbàfọ̀ gun àtẹ̀gùn. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Yàrá kékeré kan ni, tábìlì kan, àga méjì, fáìlì tí wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ń bá kọ́là funfun kan jìjàkadì. Kọ́là náà ti wú níbì kan, ó ti rún níbòmíì, òórùn jíjó sì ti ń jáde.

Alágbàfọ̀ gbàgbé ẹjọ́. "Ẹ dákun, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ ń pa á."

"Ilé ẹjọ́ ni mò ń lọ lọ́sàn-án," lọ́yà ní, "mi ò lè gbé èyí sọ́rùn bó ṣe rí yìí."

"Ẹ sún." Ó gba áyọ́ọ̀nù, ó wọ́n omi, ó tẹ kọ́là náà láti etí wá sí àárín. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ ń gba ẹlòmíì sílẹ̀, ọrùn yín wà nínú wàhálà."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí fáìlì tí àlejò gbé lé àga. Ó jókòó, ó mú bírò. "Ìyá aláṣọ," ó ní, "kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọwọ́ alágbàfọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlọ́pàá ò bi í. Àrá ò bi í. Ọmọ ìyá rẹ̀ ò bi í. Ẹ máa rò pé ẹkún ló máa sun. Rárá o. Inú tún bí i sí i ni, pé àjèjì lókè ṣọ́ọ̀bù agẹ́kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ rántí béèrè. Ìbínú yẹn ló fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, lọ́yà ń kọ ọ́, ó ń bi í: àpò wo ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ta ló gbé e dórí pẹpẹ, kí ló sọ gan-an, ẹ tún un sọ fún mi.

Nígbà tó parí, kọ́là ti le gbagidi. Lọ́yà fi sọ́rùn. "Mo máa gbà á," ó ní. "Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ parọ́ fún mi, kódà bí òtítọ́ bá tì yín lójú. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí nídìí ọpọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò bá tíì kà sí yín létí, ẹ má buwọ́ lù ú, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló gbé e wá."

"Ẹ ò ní sọ pé ẹ máa borí?"

"Mi ò lè sọ ìyẹn. Mo lè sọ pé mo máa wá, mo sì máa ti ka gbogbo ìwé inú ẹ̀."

"Inú ń bí mi, lọ́yà. Tí mo bá rí ọkùnrin yẹn, mo lè fún un bí aṣọ."

"Ẹ gbé ìbínú yẹn fún mi kí n bá yín tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ ẹjọ́, èmi ni mo máa lò ó. Ẹ̀yin, kí ẹ dákẹ́."

Lọ́jọ́bọ̀, lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wo iṣẹ́. Alágbàfọ̀ tú aṣọ sílẹ̀ lórí okùn, orin sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un: *Ká a lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí ti lọ.* Lọ́yà mú ọ̀kan tí wọ́n ti ká, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fọwọ́ kan òwú pupa igun rẹ̀.  Ó dìde, ó lọ sí tẹ́ṣọ̀n, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rí han òun, wọ́n sì fi hàn án. Nígbà tó máa fi padà, oòrùn ti ń rọ̀.

"Ìyá aláṣọ, ẹ bá mi ká ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kó rí bíi bíríkì."

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dé ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. "Lọ́yà," ó ní, "orin mi ò dé bẹ̀."

Lọ́yà rọra kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó di ọjọ́ ẹjọ́. Yàrá náà kún, fáànù kan ló ń yí lókè bí ẹni tí iṣẹ́ sú. Agbẹjọ́rò ìjọba kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n láti wá sọ pé òun lòun kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ó gbà pé òun ni. Lọ́yà obìnrin dìde, kọ́là rẹ̀ ń tàn.

"Bàbá, kí ẹ tó kọ ọ́, ṣé ẹ bi àbúrò yín bóyá ó jí aṣọ?"

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. "Rárá, mà."

"Ṣé ó sọ fún yín pé òun jí i?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀ lé lórí?"

"Mà, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí èèyàn bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé kó má bínú."

Ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Alágbàfọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Olùtọ́jú-ẹrù ló kàn. Ẹ wá wò ó níwájú gbogbo èèyàn, àyà rẹ̀ yọ síta.

"Ẹ ní aṣọ ìdọ̀tí lẹ gbé fún un?"

"Ìdọ̀tí ni."

"Ẹ gbé e fún un tán, ṣé ọwọ́ yín tún kàn án kó tó di ọjọ́ tí ọlọ́pàá tú àpò?"

"Ojú mi ò rí i, ká má tíì sọ ọwọ́."

"Ta ló fọ̀ ọ́ tó funfun báyìí? Ta ló ká a?"

"Òun náà ni. Ta ló tún kù?"

"Ẹ ṣé. Ẹ bá mi tú ọ̀kan, kí adájọ́ rí àmì ilé ìwòsàn."

Ó gbọn ọ̀kan, ó nà án, gbogbo wọn rí àmì. "Ó dáa," lọ́yà ní, "ẹ bá mi ká a padà."

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnu èèyàn ń ronú kó tó purọ́, ọwọ́ ò ní sùúrù yẹn. Ọkùnrin náà ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí pàá. Bíríkì. Ó gbé e lé àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù, ó bá wọn dọ́gba, ẹ ò lè mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nínú wọn.

 Lọ́yà wá gbé aṣọ kan fún alágbàfọ̀. "Ẹ ká èyí, mà."

Kò jẹ́ kọrin síta, ètè rẹ̀ ló ń jó. Ẹ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó gùn gbọọrọ bíi búrẹ́dì. Lọ́yà gbé e ka orí àwọn bíríkì náà, ó yọ sí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Adájọ́ sún síwájú. Lọ́yà kó aṣọ mẹ́wàá jáde, èyí tó gbà láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, òwú pupa wà ní igun gbogbo wọn. Ó ní kí akọ̀wé ilé ẹjọ́ wá òwú pupa nínú àwọn méjìdínlógún. Akọ̀wé wá a títí, kò rí ẹyọ kan. Adájọ́ bi alágbàfọ̀ pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó dìde, ó fi ìka méjì ra etí aṣọ náà.

"Olúwa mi, aṣọ yìí ò tíì fojú kan omi rí. Tuntun ni. Ẹni tó kó o jáde ní yàrá ẹrù ló ká a." Ó yí ojú sí ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Lọ́yà rọra wúkọ́. Alágbàfọ̀ jókòó.

Adájọ́ ò fi ṣeré. Ó ní kí ìyá aláṣọ máa lọ sílé ní àlàáfíà, kò jẹ̀bi ẹjọ́ kankan. Ó ní kí ọlọ́pàá má jẹ́ kí olùtọ́jú-ẹrù jìnnà, òun ní ìbéèrè fún un. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní iṣẹ́ èṣù ni. 

Ilé ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn gbà lọ, ìyàwó rẹ̀ ti dáná sílẹ̀ láti àárọ̀: ìrẹsì kún agbada, ẹran kún orí ẹ̀. Lọ́yà wà níbẹ̀, agẹ́kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Alágbàfọ̀ jókòó, ojú rẹ̀ le síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bu tiẹ̀ fún un fúnra rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dúró ti àga. Ẹnu rẹ̀ ṣí, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bọ̀. Ó gbé e mì.

"Àbúrò mi," ó ní, "kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn?"

Síbí dúró lọ́nà ẹnu.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó béèrè," alágbàfọ̀ ní.

"Mo pẹ́."

"Ẹ jókòó nígbà náà, ó gùn."

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, kò yọ ohunkóhun kúrò, títí kan ohun tí òun pàápàá ti pe ẹ̀gbọ́n nínú ọkàn ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, kò sọ pé kó má bínú. Ó tún bu ẹran sí i. Bí abọ́ ṣe ń gbẹ, ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ tábìlì, alágbàfọ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, orin bọ́ lẹ́nu rẹ̀, agẹ́kọ́kọ́rọ́ ń gbè é, lọ́yà tí kò lóhùn náà ń gbè é.

Wọ́n yó, wọ́n sì túká lọ sílé wọn. Ó yá, ìkòkò tiwa náà ti jinná. Ẹ gbé abọ́ yín wá, ẹ jẹ, ẹ yó. Bí ẹ bá wá ń lọ, ẹ kọ ọ́ fún mi dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, kí n máa gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí:

*Ká a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku kó relé,*
*Aṣọ mi, má tú mọ́ o.*